Ṣé o mọ̀? Ẹṣin náà ń ní ìpá

Ṣé o mọ̀ pé ihò tí kóró ẹpọ̀n gbà sọ̀ kalẹ̀ láti inú ikùn akọ ẹṣin kì í dí tán? Bó bá sáré àsápajúdé, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun abo, ìfun lè yọ gba ibẹ̀ bọ́ sínú àpò ẹpọ̀n: ìpá nìyẹn. Á máa fi pátákò walẹ̀, á máa wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, á wó lulẹ̀, á máa yí gbirigbiri. Olówó rẹ̀ á ní inú ló ń run ún. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n dókítà ẹran tó mọṣẹ́ kò ní kúrò níbẹ̀ láìfọwọ́ kan ẹpọ̀n rẹ̀. Bí ẹyọ kan bá wú, tó le, tó sì tutù ju èkejì lọ, ọ̀rọ̀ di ti abẹ nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ẹṣin kì í lè bì? Bí ìfun bá há, omi á máa kún sẹ́yìn títí àpòlúkù á fi fẹ́ bẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ti rọ́bà gba ihò imú rẹ̀ wọlé láti fa omi náà jáde. Ìfun tó há kò rí ẹ̀jẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, á dúdú, á kú. Wọ́n á gé apá tó kú, wọ́n á rán ìyókù pọ̀. Ìfun kékeré ẹṣin gùn tó nǹkan bíi mítà 20, nítorí náà ó ṣeé gé díẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n sábà máa ń yọ kóró ẹpọ̀n ẹ̀gbẹ́ tí ìfun yọ sí pẹ̀lú.

Ìpá ìdodo ọmọ ẹṣin kò le tó bẹ́ẹ̀. Ìdodo kékeré tó yọ, tó sì ṣeé tì padà, sábà máa ń wọlé fúnra rẹ̀ kó tó pé ọdún kan.

Ṣé o mọ̀ pé ẹṣin tó ń fi eyín di pákó ilé rẹ̀ mú, tó ń gbé afẹ́fẹ́ mì, wà nínú ewu ìpá inú? Ihò tóóró kan wà nítòsí ẹ̀dọ̀. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ni ìfun rẹ̀ máa ń há síbẹ̀ jù, kò sì ní wú lóde rárá.

Fún iṣẹ́ abẹ, wọ́n á fún ẹṣin ní oògùn oorun, wọ́n á so ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ẹ̀rọ á gbé odindi kílò 500 sókè bí àpò sìmẹ́ǹtì, á tẹ́ ẹ sẹ́yìn lórí tábìlì onífóòmù. Ìfun á tẹ ẹ̀dọ̀fóró, ìwọ̀n ara rẹ̀ á sì máa pa ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ lára. Síbẹ̀, lójú tèmi, jíjí ló bani lẹ́rù ju abẹ lọ. Ẹṣin tó bá lajú fẹ́ dìde kíá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbà á dúró, ó sì lè kán. Wọ́n á gbé e sínú yàrá tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, wọ́n á so okùn mọ́ orí àti ìrù rẹ̀, wọ́n á máa fà á díẹ̀díẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́. Nínú ẹṣin 100 tí ara wọn yá tí wọ́n fún ní oògùn oorun, ó tó ẹyọ kan tó ń kú. Ti onífun híhá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú abẹ gan-an lè padà di ìpá. Wọ́n á wé ọ̀já mọ́ ikùn, wọ́n á de ẹṣin náà mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ìpá bá ṣì yọ, wọ́n á dúró fún oṣù díẹ̀ kí etí ihò náà le kí wọ́n tó fi àwọ̀n rán an. Ọ̀pọ̀ ẹṣin tiẹ̀ ń gbé tiwọn kiri, tí wọ́n ṣì ń gùn wọ́n.