Àkàlà àti Àlejò Ọ̀yọ́

Ní oṣù kejì ọdún 1826, nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé kò tí ì tú, òyìnbó arìnrìnàjò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hugh Clapperton wo eré eégún alárìnjó níwájú Aláàfin. Láti inú àpò ni òjòlá ńlá kan ti jáde. Aṣọ tí a kùn ní ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe é, síbẹ̀ ó ń na orí sókè, ó sì ń ṣe bí ẹni pé yóò bu ènìyàn ṣán, títí wọ́n fi fi idà ṣá a ní ìrù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni eégún funfun kan yọ, tí ó ń gbọ̀n nítorí òtútù, tí ó ń fín aáṣáà, tí ó sì ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Òyìnbó ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹranko abàmì àti ìwà ọmọ ènìyàn jọ wà nínú eré kan náà, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí ohun àjèjì.

Orí irú ìpìlẹ̀ yìí ni eré sinimá Aníkúlápó dúró lé. Kúnlé Afọláyan ni ó darí rẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 2022. Bàbá rẹ̀, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love, wà lára àwọn tí ó gbé eré orí ìtàgé Yorùbá wọ inú sinimá.

Sàró ahunṣọ ni eré náà dá lé lórí. Àlejò ni ní Ọ̀yọ́. Ẹni tí ó bá mọ Sábó, yálà ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, mọ̀ pé ìlú a máa ní ibi tí ó ń fi àlejò sí: láti inú Sabon Gari ti èdè Haúsá, èyíinì ni ìlú titun, ni orúkọ àdúgbò náà ti wá. Sàró kò ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀. Obìnrin ọlọ́rọ̀ kan ni ó gbà á sílé, tí ó sì di olólùfẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi kúrò lára obìnrin náà, ó ń fẹ́ Arọ́lákẹ́, olorì kékeré tí wọ́n fi fún ọba arúgbó láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n lu Sàró pa.

Nígbà náà ni àkàlà dé. Ẹyẹ àkàlà kì í ṣe àròsọ: ẹyẹ ọ̀dàn ni, dúdú, ńlá, alágòógó gígùn, ẹsẹ̀ ni ó sì fi ń rìn kiri ju pé kí ó fò lọ. Ṣùgbọ́n agbára tí inú eré gbé kà á lórí ni pé ó lè jí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tí ì pé. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi yà á. Ó jí Sàró. Arọ́lákẹ́ tí ó sá pamọ́ sì gba àdó agbára náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun tí ó yẹ kí a yin olùdarí fún ni pé kò jẹ́ kí ẹyẹ náà pẹ́ lójú. Àwọn ará Japan gbé Gojira jáde ní ọdún 1954, ẹranko gàgàrà tí ìdánwò bọ́ǹbù jí dìde láti inú òkun. Nínú eré yẹn pẹ̀lú, ìfẹ́ àárín ènìyàn mẹ́ta ń lọ lọ́wọ́ bí ẹranko náà ti ń wó ìlú. Àkàlà kò wó ilé kankan. Àdó ni ó fi sílẹ̀, ohun tí ó sì ku ti di ti Sàró: ó jí òkú ní ìlú mìíràn, ó lówó, ó kó ìyàwó jọ, ó sì gbàgbé obìnrin tí ó gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Nígbà tí ọmọ ọba ìlú náà kú, Sàró ní àfi kí wọ́n fi ọmọbìnrin ọba fún òun. Wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n Arọ́lákẹ́ ti mú agbára inú àdó kúrò, ó sì ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Níwájú gbogbo ìlú, Sàró pe òkú títí, òkú kò dáhùn.