Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Tọpasẹ̀ Lupus Nínú Ẹ̀jẹ̀ àti Ìtọ̀

Obìnrin tó jókòó síwájú onímọ̀ àyẹ̀wò ní ọsibítù ìjọba yìí n'Íbàdàn kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Nígbà tó yá, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni. Bí oríkèé ara rẹ̀ ṣe ń wú, àwọn ará ilé ní làkúrègbé ni, àwọn kan ní ọwọ́ ayé wà ńbẹ̀. Ìgbà tí irun rẹ̀ ń re, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì dúdú kọjá lórí imú, ni dókítà kan tó fura rán an wá síbí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí, á ta yín díẹ̀."

"Kò sí wàhálà, mà. Ẹ ṣáà bá mi wá ohun tó ń ṣe mí."

Lupus ni wọ́n ń fura sí, àìsàn tí ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara fi ń kọjú ìjà sí ara fúnra rẹ̀. Nínú ẹni mẹ́wàá tó ní in, bí mẹ́sàn-án ló jẹ́ obìnrin. Ó sì máa ń le lára àwa aláwọ̀ dúdú ju aláwọ̀ funfun lọ, pàápàá tó bá dé kíndìnrín.

Mo tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ náà wọlé. Ẹ̀rọ kan fi òòyì kọ́ ọ títí èyí tó pupa fi rogún sísàlẹ̀, tí omi rẹ̀ sì dá dúró lókè. Omi yìí ni wọ́n máa ń là, tí wọ́n á kán sórí gíláàsì pẹlẹbẹ tí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ti lẹ̀ mọ́. Wọ́n mú mi wọ yàrá tó ṣókùnkùn, wọ́n ní kí n wo ti ẹlòmíì tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀. Àárín sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń tàn yòò ní àwọ̀ ewé: áńtíbọ́dì ẹni yẹn, ohun ìjà tí ara ń ṣe, ti lẹ̀ mọ́ ọn. ANA ni wọ́n ń pè é. Nínú ìlànà tí àwọn dókítà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà jọ gbé jáde ní 2019, ẹni tí ANA rẹ̀ kò tó 1:80 rí, wọn kì í kà á mọ́ onílupus nínú ìwádìí. Síbẹ̀, ANA máa ń yọ lára ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Gíláàsì kejì ló dì mí mú jù. Crithidia luciliae, kòkòrò bíńtín tó ń gbé inú eṣinṣin, ni wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀. DNA kóra jọ sójú kan nínú kòkòrò yìí. Bí ojú ibẹ̀ bá tàn, áńtíbọ́dì tó ń bá DNA jà wà nínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, ẹ̀rí rẹ̀ sì lágbára ju ti ANA lọ. Mọ̀lẹ́bí kòkòrò tó ń fa àrùn oorun ni Crithidia yìí, n ó padà sórí ìyẹn.

Ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ kí aláìsàn tó mọ̀. Ní 2003, àwọn olùwádìí tú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ti tọ́jú pamọ́ wò. Nínú 130 ọmọ ogun tí lupus padà mú, 115 ló ti ní ó kéré tán áńtíbọ́dì kan kí dókítà tó sọ pé lupus ni, ti ẹlòmíì sì ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú.

Ṣùgbọ́n ẹni tí lupus yóò ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ ńkọ́? Èyí ló le jù, òun ló sì ń dun èmi jù. C3 àti C4, méjì lára ohun tó ń gbèjà ara, máa ń wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí àìsàn náà bá gbóná, purotéènì á sì máa jò sínú ìtọ̀. Síbẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣì ni adájọ́: wọ́n á gba ẹ̀yìn wọ kíndìnrín, wọ́n á já bíńtín nínú rẹ̀, wọ́n á wá fi sí ọ̀kan nínú ipele mẹ́fà. Ó máa ń ba ènìyàn lẹ́rù, ó sì lè fa ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi ń lépa CD163, èyí tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jà nínú kíndìnrín máa ń jù sínú ìtọ̀.

Firísà ni wọ́n fi hàn mí gbẹ̀yìn. Òtútù rẹ̀ fi 80 rẹlẹ̀ ju òdo lọ, jẹnẹrétọ̀ kò sì gbọdọ̀ já wọn kulẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ tí àwọn aláìsàn yọ̀ǹda fún ìwádìí ló wà ńbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ àrùn oorun ti padà wá. Ẹ̀yà méjì lára jíìnì APOL1, G1 àti G2, ń ran ara lọ́wọ́ láti pa kòkòrò àrùn náà, ìyẹn ni wọ́n fi gbilẹ̀ láàárín àwọn baba ńlá wa. Nígbà tí wọ́n ṣàwárí wọn ní 2010, ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára ohun tí wọ́n fi mọ̀. Àmọ́ kíndìnrín ẹni tó jogún wọn lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá wà nínú ewu. Interferon, tí lupus ń mú pọ̀ nínú ara, tún máa ń ru APOL1 sókè. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí lupus mú ní kíndìnrín, ewu kí kíndìnrín dáṣẹ́ sílẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ fún àwọn tó jogún méjì. Dókítà Rasheed Gbadegesin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn tó lé ní 8,000 wò ní Nàìjíríà àti Gánà, wọ́n sì gbé e jáde ní 2024: bí 30 nínú 100 ló ní méjì.

Mo ka fọ́ọ̀mù tí àwọn dókítà fi ń béèrè àyẹ̀wò. ANA wà ńbẹ̀, C3 àti C4 wà, ìtọ̀ wà, àpò aláìsàn ni gbogbo owó rẹ̀ sì ti ń jáde. APOL1 kò sí. Mo bi onímọ̀ àyẹ̀wò bóyá wọ́n lè ṣe é.

"Ẹ̀rọ tá a máa fi ṣe é wà nílẹ̀, sà," ó dá mi lóhùn. "Èròjà rẹ̀ ló wọ́n. Bí wọ́n bá rà á fún wa, ọ̀la la máa bẹ̀rẹ̀."