Ọmọ Yege Tán, Ojú Òpó Yunifásítì Kò Sọ Iye Tí Yóò San!

Bí èsì JAMB bá ti jáde, ẹni tó bá wà ní Ọ̀rà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dayọ̀, á rí ohun tó ń mú ìyá ọlọ́jà fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò. Ìyá á di owó mọ́ etí ìró, ọmọ á di fóònù mú, ó di ilé kọ̀ǹpútà.

Ìgbà kan wà tí létà máa ń gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wá. Ayé ìgbà yẹn ti lọ. Láti ọdún 2017 tí JAMB ti gbé ètò tí wọ́n ń pè ní CAPS kalẹ̀, orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń fún ọmọ láyè, orí ẹ̀rọ náà ni ọmọ gbọ́dọ̀ ti sọ pé òun gbà. Bí kò bá tíì tẹ ibẹ̀, kò lè tẹ ìwé ìgbaniwọlé JAMB jáde.

Ó ku ti yunifásítì fúnra rẹ̀. Iye owó tí ọmọ máa kọ́kọ́ san, ọjọ́ tó kẹ́yìn, ìwé tó máa kó dání, ojú òpó ilé-ìwé ló yẹ kí gbogbo rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n kí ni ìyá àti ọmọ sábà máa ń bá níbẹ̀? Àwòrán géètì, àwòrán ọ̀gá àgbà nínú ẹ̀wù oyè, ọ̀rọ̀ ìkíni tó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Dátà ń jó, àwòrán ń yí, ohun tí wọ́n wá ò tíì yọ!

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan o. Ní ọdún 2010, Randall Munroe, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ya òbìrìkìtì méjì. Ó kó ohun tí yunifásítì ń gbé síwájú ojú òpó sínú ọ̀kan: àwòrán ọgbà, ìròyìn, lẹ́tà ọ̀gá àgbà. Ó kó ohun tí àwọn ènìyàn ń wá sínú èkejì: fọ́ọ̀mù, kàlẹ́ńdà, nọ́ńbà tẹlifóònù, àdírẹ́sì. Ohun kan ṣoṣo ló bọ́ sínú méjèèjì: orúkọ ilé-ìwé!

TÉLỌ̀ MỌ ỌGBỌ́N RẸ̀

Télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í parí bùbá láìjẹ́ kí aláṣọ kọ́kọ́ dán an wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ojú òpó. Ní ọdún 2000, Jakob Nielsen, ọmọ Denmark tó gbówọ́ nínú iṣẹ́ yìí, kọ ọ́ pé ẹni 5 péré tó láti fi rí èyí tó pọ̀ jù nínú àléébù ojú òpó. Kí ilé-ìwé pe ẹni 5, kí ìyá ọlọ́jà wà nínú wọn, fóònù kékeré lọ́wọ́. Kí wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá iye owó àti ọjọ́ tó kẹ́yìn.” Kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n máa wò. Ibi tí ọwọ́ bá ti dúró, ibẹ̀ ni kí wọ́n tún ṣe.

Kí owó àti ọjọ́ wà lójú ewé àkọ́kọ́. Kí wọ́n kọ ọdún sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà san owó èṣí. Bí wọ́n bá fi Yorùbá díẹ̀ kún un, kò burú.

ẸNI TÓ Ń JẸ NÍNÚ ÒKÙNKÙN

Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti fara sin ni gbájúẹ̀ ń tẹ́ ẹní sí. Á ní òun mọ ènìyàn nínú ọ́fíìsì, kí ìyá fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má san owó ilé-ìwé sí àkáǹtì ẹnì kan! Ẹ wo ìdí àdírẹ́sì ojú òpó náà dáadáa: .edu.ng ló sábà máa ń gbẹ̀yìn ti yunifásítì Nàìjíríà, ti JAMB sì ni jamb.gov.ng. Bó bá yàtọ̀, ẹ fura.

Lónìí, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìlera wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tí kò jìnnà sí Ọ̀rà. Òkukù ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀nà ọkọ̀ ti kúrú. Ọ̀nà orí fóònù ló kù tí gbogbo ilé-ìwé gíga gbọ́dọ̀ tún ṣe, nítorí owó orí àtẹ ni ìyá fi ń rán ọmọ.