Ọ́ìlì Ń Jò Lábẹ́ Ọkọ̀: Ṣé Dandan Ni Kí Wọ́n Sọ Ẹ́ńjìnnì Kalẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fi ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ra ọkọ̀ akérò tàbí ọkọ̀ tí ẹ fi ń kó ọjà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ọ́ìlì á máa kán sílẹ̀, ẹ ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì, òun náà á bẹ̀rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, á ní, “Ọ̀gá, sọ́ǹpù ló ń jò o. A ó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ ni.” Kíá, owó iṣẹ́ ti di ìlọ́po. Ọkọ̀ tó yẹ kó máa pa owó wọlé á dùbúlẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni owó ẹgbẹ́ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni níparí oṣù. A kò sọ pé irọ́ ni gbogbo mẹ́káníìkì ń pa. Ohun tí a ń sọ ni pé lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, sọ́ǹpù ṣeé yọ kí ẹ́ńjìnnì sì wà nínú ọkọ̀.

Sọ́ǹpù ni abọ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì pátápátá. Pọ́ǹpù á fa ọ́ìlì inú rẹ̀ gba inú asẹ́ kan kọjá, á tì í lọ sókè kí irin má baà máa ha irin, ọ́ìlì náà á sì tún ṣàn padà sínú abọ́. Bóòtì kéékèèké ló so etí rẹ̀ mọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì, gáskẹ́ẹ̀tì tàbí gọ́ọ̀mù á sì wà láàárín. Bí òkúta bá gbá a nídìí, tàbí gáskẹ́ẹ̀tì gbó, ó di yíyọ nìyẹn. (Àwọn tó wa Volkswagen Ìjàpá láyé ọjọ́un kò mọ wàhálà yìí: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní irú abọ́ bẹ́ẹ̀, irin pẹlẹbẹ róbótó kan tó bo asẹ́ ni wọ́n ń tú.)

Ṣùgbọ́n ṣé sọ́ǹpù ló ń jò lóòótọ́? Ẹ ní kí wọ́n fọ ìdí ẹ́ńjìnnì mọ́ tónítóní, kí ẹ wa ọkọ̀ díẹ̀, kí ẹ sì tan iná wò ó láti òkè wá sísàlẹ̀. Ọ́ìlì tó jò láti ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì á ṣàn wálẹ̀, sọ́ǹpù ni yóò sì jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ àárín ẹ́ńjìnnì àti gíáàbọ́ọ̀sì ló ti ń kán, ó lè jẹ́ rọ́bà ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ló gbó. Bí ẹ pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì sọ́ǹpù nígbà mẹ́wàá, kò ní dá a dúró.

Ohun tó ń mú kí wọ́n fẹ́ sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ ni pé nǹkan máa ń dínà mọ́ sọ́ǹpù. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn wà ní ìbú, páìpù sàlẹ́ǹsà ló máa ń dínà; tí wọ́n bá tú u, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Wàhálà gidi wà lára ọkọ̀ tí irin ìdábùú kọjá lábẹ́ sọ́ǹpù. Bóòtì á tú, abọ́ á sọ̀ díẹ̀, á wá há síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni a ó gbé sókè díẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe pé a ó yọ ọ́.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọ́n á yọ wáyà bátìrì, wọ́n á da ọ́ìlì. Wọ́n á gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n á fi òpó irin tó lágbára tì í. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbà kí ọmọ iṣẹ́ kankan wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Jáàkì lè yẹ̀ nígbàkigbà, ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní ráyè sá. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tú nọ́ọ̀tì síìtì ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi ṣéènì fà á sókè láti òkè, bí ìka mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á fi pákó há a níbi síìtì. Kí wọ́n máa ṣọ́ fáànù kó má lu rédíétọ̀, kí wọ́n sì wo wáyà àti rọ́bà omi kó má já. Bí abọ́ bá ṣì kọ̀ tí kò jáde, ó lè jẹ́ kíránkì ló dì í mú: kí wọ́n fi sípánà yí i díẹ̀ níwájú ẹ́ńjìnnì. Bó bá sì jẹ́ asẹ́ ni, kí wọ́n na ọwọ́ sínú, kí wọ́n tú bóòtì rẹ̀, kó já sínú abọ́, kí méjèèjì jọ jáde.

Nígbà tó bá jáde, ẹ ní ẹ fẹ́ rí inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí eérú irin tó ń dán, iṣẹ́ ti kọjá gáskẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Bó bá jẹ́ kíránkì ló ti jẹ tó fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnnì á sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́, ẹ má bá mẹ́káníìkì jà.

Dídá a padà ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Kí wọ́n ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò lójú irin méjèèjì. Etí abọ́ tó ti wọ́ níbi ihò bóòtì, kí wọ́n fi òòlù rọra tẹ́ ẹ. Gọ́ọ̀mù tuntun, tín-ín-rín ni. Àwọn kan a máa tẹ́ ẹ bí ẹni fi bọ́tà sí búrẹ́dì! Èyí tó bá ṣẹ́kù sínú á já, asẹ́ á fà á mọ́ra, ọ́ìlì kò ní ráyè gòkè, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́ọ̀kì. Owó gáskẹ́ẹ̀tì á wá di owó ẹ́ńjìnnì. Àárín ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún bóòtì lọ sí ìkángun, díẹ̀díẹ̀, láìlo agbára, nítorí bóòtì kéékèèké ni.

Kí gọ́ọ̀mù gbẹ bí ìwé ara rẹ̀ ti wí kí wọ́n tó da ọ́ìlì sí i. Bí wọ́n bá tan ọkọ̀, iná ọ́ìlì iwájú dírébà gbọ́dọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá kú, kí wọ́n pa á lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì tíì san owó iṣẹ́.