Ta Ló Sọ fún Wa Pé Ó Mọ̀?



Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá kan láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ awo bi mí pé: "Bàbá, bí wọ́n bá jí ọmọ gbé, tí ọlọ́pàá wá mú ẹni tó mọ ibi tí ọmọ wà, ṣé kò yẹ kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ títí á fi jẹ́wọ́?" Ọ̀pọ̀ ń mi orí pé ó yẹ.

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1987, wọ́n jí ẹ̀rọ ìlọta ìyàwó mi. Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo dárúkọ ọmọkùnrin kan ládùúgbò. Ó dá mi lójú. Wọ́n so ó rọ̀, wọ́n nà án. Mo jókòó síta, mò ń gbọ́ igbe rẹ̀, n kò ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ kejì ó ní òun ni. Ó dárúkọ ibi tó gbé e sí. A débẹ̀, òfo. Ó dárúkọ ibòmíràn. Òfo náà ni. Lẹ́yìn oṣù méjì la gbọ́ pé ìbátan tèmi gan-an ló tà á. Mo ti bẹ ọmọ yẹn, ó sì ti gbà, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ títí dòní.

Bí ẹni kan bá wá dá Ifá, á fi owó kan ẹnu, á sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́. Babaláwo kì í gbọ́, kó má baà fi èrò tirẹ̀ dáhùn. Ẹni tó ń fìyà jẹni ti fi ìdáhùn síni lẹ́nu kó tó béèrè.

Ní Frankfurt, ní Jámánì, wọ́n jí ọmọ ọdún 11 gbé ní 2002. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní kí wọ́n fi ìyà dẹ́rù ba ẹni tí wọ́n mú. Òun ló ṣe é lóòótọ́, ó sì júwe ibẹ̀, àmọ́ ọmọ ti kú kí wọ́n tó mú un rárá. Ilé ẹjọ́ dá ọ̀gá náà lẹ́bi ní 2004. Òfin Nàìjíríà ti 2017 náà sọ pé kò sí àwáwí kankan, ì báà ṣe ogun.

Mo wá dá ọmọ awo lóhùn pé: bí wọ́n bá jí ọmọ tèmi gbé, ó ṣeé ṣe kí n pariwo pé kí wọ́n lu ẹni tí wọ́n mú. Ẹ má gbọ́ tèmi lọ́jọ́ náà.

Ire o.