Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Pípààrọ̀ alternator ọkọ̀ nílé

Iná bátìrì tàn pupa lójú dáṣíbọọ̀dù, iná iwájú ọkọ̀ sì ń ṣe bàìbàì. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ á sáré ra bátìrì tuntun, bẹ́ẹ̀ alternator tó ń rọ iná sí i ló ti dákẹ́.

Mítà ló ń fi òótọ́ hàn. Bátìrì tó kún máa ń tó 12.6 fóòtì tí ọkọ̀ bá wà ní pípa; tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ tí alternator sì dára, ó sábà máa ń wà láàárín 13.5 sí 14.5. Àwọn ríwáyà kan ṣì ń yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi dán alternator wò. Ó léwu gan-an! Iná tó bá ru sókè lójijì lè ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́.

Tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, orí nẹ́gátíìfù bátìrì ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú, nítorí wáyà ńlá ẹ̀yìn alternator ti bátìrì wá ní tààràtà. Kí wọ́n ya fọ́tò ọ̀nà tí bẹ́líìtì gbà kí wọ́n tó yọ ọ́.

Ẹni tó ń lọ ra tòkunbọ̀ ní ọjà Ládipọ̀, ní Mushin, kó gbé ti àtijọ́ dání: ihò bóòtù, púlì àti orí wáyà gbọ́dọ̀ bára mu. Tí wọ́n bá ń to gbogbo rẹ̀ padà, orí nẹ́gátíìfù bátìrì ni wọ́n ń dá padà kẹ́yìn.