Ẹ má lẹ ojúlówó fọ́tò ìyá àgbà mọ́ táìsì o!

Ẹni tó bá ti yà nílé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sílé tuntun lágbègbè Mowe, Ibafo títí dé Owódé gan-an yóò ti rí ohun tí mò ń sọ. Táìsì ti ń dán ní pálọ̀, tábìlì onígíláàsì ti dé láàárín, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá yọjú sẹ́yìnkùlé, àṣẹ́kù táìsì ló kó jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn. Bàbá onílé ò gbà kí wọ́n dà á nù, ìyá onílé ò sì mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Ẹ̀bùn ló wà níbẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa.

Ohun pẹlẹbẹ kan wà táwọn òyìnbó ń pè ní kósítà. Abẹ́ ife tíì tàbí ìgò míńírà ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, kí omi ara ìgò má baà ba tábìlì jẹ́. Tí wọ́n bá wá lẹ fọ́tò ẹbí mọ́ ọn lórí, ó ti di ẹ̀bùn ìrántí nìyẹn, ẹni tí wọ́n fún á sì mọ̀ pé ẹnìkan jókòó, ó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é fún òun.

Kì í kúkú ṣe pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi àwòrán èèyàn sára nǹkan. Lọ́dún 1935 tí Ọba George Karùn-ún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè, àwọn aládìrẹ ilẹ̀ Yorùbá ya òun àti Olorì Mary sára aṣọ, Ọlọ́ba ni wọ́n ń pe àdìrẹ náà. Lóde ìnáwó òde òní ńkọ́? Ife ni o, abọ́ ni o, tíréè ni o, ojú olóòkú tàbí ti ọlọ́jọ́ ìbí ló máa wà lára ẹ̀. Àmọ́ ká má parọ́, ọ̀pọ̀ nínú ike wọ̀nyẹn ni kì í pẹ́ bó. Tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ bíi mélòó kan, gèlè àti imú nìkan ló máa ń kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kósítà ti ń di wàhálà ni fọ́tò tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹlòmíràn á kàn sáré síbi páálí tí wọ́n kó fọ́tò àtijọ́ sí, á fa ti ìyá àgbà yọ, èyí tí ìyá jókòó sórí àga tó gbọ́wọ́ méjèèjì lé orúnkún. Á fi sísọ́ọ̀sì rẹ́ ẹ yípo, á pa gọ́ọ̀mù sí i lẹ́yìn, ó tán! Fọ́tò tó ti lò ju àádọ́ta ọdún lọ, wọ́n ti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń gbé ife lé.

Kí ló fi ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yìn fọ́tò ni ìtàn wà. Láyé fọ́tò dúdú-àti-funfun, ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló máa ń lu òǹtẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò: orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn, àdúgbò tí wọ́n wà, nígbà míràn ọjọ́ tí wọ́n yà á. Àwọn òbí wa náà á tún fi bírò kọ ẹni tó wà nínú ẹ̀ síbẹ̀, ayẹyẹ tí wọ́n ń ṣe, àti iye oṣù tí ọmọ tí wọ́n gbé lẹ́sẹ̀ jẹ́. Ẹ rántí pé ọdún 1992 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó sọ fífi orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ di dandan káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà náà ni kò níwèé ọjọ́ ìbí kankan. Káàdì ìsàmì tàbí ẹ̀yìn fọ́tò bẹ́ẹ̀ lọmọ lè fi ṣírò ọjọ́ orí bàbá ẹ̀. Ṣé irú ẹ̀ lẹ wá fẹ́ fi gọ́ọ̀mù pa dé torí tábìlì?

Ojú fọ́tò náà tún wà níbẹ̀. Ohun tín-ín-rín kan tó dà bíi jẹ́lì ló wà lójú fọ́tò àtijọ́, tí ọ̀rinrin bá mú un, ó máa ń wú, á sì máa lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò inú férémù fi ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì nílé àwọn àgbà. Tẹ́ ẹ bá bá irú ẹ̀ pàdé, ẹ má fà á o, ojú ìyá lẹ máa fà ya. Ẹ fi fóònù yà á látorí gíláàsì bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ gbé fọ́tò lọ sọ́dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà, kí wọ́n bá yín síkáànù ojú àti ẹ̀yìn, mo ní àti ẹ̀yìn, kí wọ́n lo 600 dpi. Tí kò bá sí síkáánà, ẹ tẹ́ fọ́tò sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà àmọ́ tí oòrùn ò pa á, ẹ má tan fúláàṣì, ẹ di fóònù mú lókè ẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ yà á. Kí ojúlówó padà sínú àpòòwé, síbi tí oòrùn àti ọ̀rinrin ò ti ní dé.

Ó wá kan iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ bẹ ẹni tó ń tẹ́ táìsì kó fi ẹ̀rọ ẹ̀ gé àṣẹ́kù yẹn sí sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú, 10 lóòró, kó sì lọ etí ẹ̀ kó má baà gé èèyàn lọ́wọ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, ẹ wá fi sípírítì nu ún, torí eruku sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú.

Sẹ̀ǹtímítà 9 ààbọ̀ ni kí ẹ̀dà fọ́tò jẹ́, kó kéré díẹ̀ sí táìsì, etí lomi ti máa ń wọlé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ náà ṣe pàtàkì. Èyí tó ń lo tádà olómi, bí gọ́ọ̀mù bá ti kàn án, àwọ̀ ẹ̀ lè máa ṣàn, kí ojú ọmọ di ojú egúngún. Èyí tí wọ́n ń pè ní lésà, ìyẹ̀fun ló ń lò, ooru ló fi ń yọ́ ọ mọ́ bébà, òun ló dáa jù. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ fi ìka tó tutù ra igun bébà náà. Tó bá yọ, ẹ má lò ó.

Gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò ti tó. Ẹ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ tẹ́ bébà lé e, ẹ wá fi káàdì ike rọra tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sétí kí afẹ́fẹ́ jáde, kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Àwọn kan máa ń dúró síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, gọ́ọ̀mù yìí máa ń rọ̀ tí omi àti ooru bá bá a. Ẹ gbé tíì gbígbóná lé e, kí àlejò tó mọ̀, ó ti gbé ife, kósítà náà bá a dìde!

Fáníìṣì tí omi kì í wọ̀ ni kẹ́ ẹ fi bò ó lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kẹ́ ẹ tó kun òmíràn, kó sì bo etí bébà. Àwọn tówó wọn gbé e ń da rẹ́síìnì oníbejì lé e, ìyẹn ló ń dán bíi gíláàsì. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n bí ẹní ń sebẹ̀, torí tó bá ṣì, kò ní gbẹ dáadáa láéláé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn. Ife ló wà fún o, kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ẹ jẹ́ kó lo bí ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó fún èèyàn. Ẹ lẹ aṣọ tó nípọn sábẹ́ ẹ̀ kó má baà ha tábìlì, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ àti ọdún sára aṣọ náà, bí àwọn òbí wa ṣe ń kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò.

Ojú ta ni ká wá fi síbẹ̀? Èmi ò rò pé ó bójú mu kí wọ́n máa gbé ìgò bíà lé bàbá tó ti kú lójú. Àwọn kan ní kò sí nǹkan níbẹ̀, wọ́n ní ṣebí abọ́ ìnáwó òkú la fi ń jẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ó dáa, àmọ́ ẹ fojú inú wò ó ná, kí ẹ̀gbọ́n bàbá yín wọlé bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì. Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, ọjọ́ ìgbéyàwó, gbogbo ìyẹn dáa. Fún ẹni tó ń ṣílé, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni fọ́tò ilé náà nígbà tó ṣì wà ní fáńdéṣọ̀n, tí koríko ga ju onílé lọ. Lójú ọ̀nà wa níbí, fọ́tò yẹn á mú àgbà ọkùnrin sunkún.

Fọ́tò kan wà tó jẹ́ pé ó láṣà tiẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tó ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn ayàwòrán Ìlá Ọ̀ràngún, kọ ọ́ jáde lọ́dún 1978 pé tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayàwòrán máa ń ya èyí tó wà láàyè, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kó dà bíi pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Tí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, èyí tó wà láyé á wọ aṣọ tiẹ̀, wọ́n á yà á, á tún wọ irú aṣọ tí èkejì ì bá wọ̀. Òun làwọn òbí kan ń tọ́jú dípò ère ìbejì. Tí irú ẹ̀ bá wà nínú páálí ìdílé yín, ẹ má gé ẹ̀dà ẹ̀ sí méjì torí kó lè gba táìsì o. Táìsì tó fẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ sára ògiri.